Ọlọ́pàá Jẹ Katsudon, Ọlọ́pàá Jẹ́wọ́

Minori ọmọ mi,

Mo kí ọ láti orí òkè níbí, mo kí ọkọ rẹ tí kì í sọ̀rọ̀, mo sì kí ológbò yín. Ṣé ẹ ń sùn dáadáa ní Osaka yẹn? Ṣé reluwé tó ń gba ẹ̀yìn ilé yín kọjá ti dín ariwo rẹ̀ kù? A ti kórè ìrẹsì tán níbí, òtútù ti ń yọjú láàárọ̀, èso kaki sì ti pọ́n lórí igi dé ibi tí ọwọ́ mi ò tó. Àwọn ọ̀bọ ló ń jẹ èyí tó wà lókè, wọ́n sì ń fi ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún wa, ìwà ọmọlúàbí nìyẹn. Láàárọ̀ yìí mo tan tùràrí níwájú pẹpẹ àwọn òbí mi, mo gbé ìrẹsì gbígbóná síwájú wọn, mo dárúkọ rẹ, mo ní kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí o rí ìjà ọ̀gá níbi iṣẹ́, kí ẹsẹ̀ rẹ má yọ̀ lórí àtẹ̀gùn ibùdókọ̀, kí gbogbo ohun tó o bá dáwọ́ lé yọrí sí rere. Bàbá mi ò fèsì, ṣùgbọ́n bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà láyé náà nìyẹn.

Ara mi le. Ti màmá rẹ, máa bá mi bọ̀, n ó dé ibẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n tètè gbé bírò ni pé ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti pè ọ́ láti abúlé wa kí lẹ́tà yìí tó dé, kó sọ fún ọ pé mo pa màmá rẹ, mo sì jẹ ẹ́. Má gbà á gbọ́. Ọ̀rọ̀ katsudon, ìrẹsì tí a da ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díndín àti ẹyin lé lórí lásán, ni wọ́n sọ di ọ̀rọ̀ òkú. N ò sì fẹ́ fi fóònù sọ ọ́ fún ọ, nítorí obìnrin tó ń gbé inú fóònù náà máa gbọ́, ọ̀rọ̀ ilé wa ò sì kàn án.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Lẹ́yìn tí a kórè tán, màmá rẹ di aṣọ díẹ̀ sínú báàgì, ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ Kinuyo àbúrò òun ní etíkun, òun á pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Mo bi í pé kí ló fẹ́ lọ ṣe, ó ní ẹja tútù ló ń wu òun jẹ. Mo ní ẹja wo lèèyàn ń fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ jẹ, ó ní Bàbá Minori, ẹ ò mọ nǹkan kan nípa ẹja. Ó ní òun ti se oúnjẹ sínú fìríìsà, òun ti dì í sínú ọ̀rá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tó bá sì tán, ṣebí ọwọ́ yín ò kán. Ó wọ bọ́ọ̀sì, kò wẹ̀yìn.

Mo jẹ, mo sùn, mo tún jẹ. Ilé dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ bí fìríìsà ṣe ń mí. Mo pè é lórí fóònù, ariwo ẹ́ńjìnnì ló ń dún lẹ́yìn rẹ̀, ó ní ọkọ̀ ojú omi ni, ó ní òun ò ráyè, ó pa á. Nígbà tó ṣe, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí bà mí. Mo ti rí i nínú tẹlifíṣọ̀n pé àwọn ìyàwó tó ti dàgbà a máa kó ẹrù wọn jáde nígbà tí ọkọ bá ti fẹ̀yìn tì, wọn kì í jà, wọn kì í sunkún, wọ́n á kàn ní àwọn ń lọ jẹ ẹja. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Mo ní tó bá padà wá, tó bá rí i pé ọwọ́ mi ò kán lóòótọ́, bóyá á jókòó. O mọ̀ pé kò sí oúnjẹ tó fẹ́ràn tó katsudon. Kódà nígbà tó lóyún rẹ, tí kò lè gbóòórùn ẹja, katsudon ń wọlé. Òun ló sì ti ń sè é fún wa látọjọ́ yìí, iṣẹ́ tèmi ni kí n jẹ ẹ́. Mo ní lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni n ó sè é.

Nígbà tí mọ́tò tó ń kiri ọjà gòkè wá, mo ra ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oríṣi tó nípọn, mo ra ẹyin, mo ra àlùbọ́sà, mo ra búrẹ́dì gbígbẹ tí wọ́n ti rún. Fóònù tó o fi ránṣẹ́ lọ́dún tuntun, inú páálí rẹ̀ ni mo ń tọ́jú rẹ̀ sí kó má bàa gbó. Mo gbé e jáde, mo fọ ọwọ́, mo kí obìnrin inú rẹ̀. Mo ní ẹ kú iṣẹ́ o, màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ se katsudon. Ó ní òun ò gbọ́ mi dáadáa. Mo pariwo, ó ní òun ti bá mi rí oníṣègùn eyín nítòsí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní eyín tó kù lẹ́nu mi ò yọ mí lẹ́nu. Nígbà tó yá tí mo rọra sọ ọ́ bí ẹni tó ń bá àna sọ̀rọ̀, ó yé e, ó bá mi pe ọmọkùnrin kan jáde nínú fídíò.

Ọmọkùnrin náà kun irun rẹ̀ pupa, ṣùgbọ́n ó mọ èèyàn kí. Ó kí mi, mo dá a lóhùn, mo tẹrí ba. Ó ní kí n mú ẹran. Mo ní kó dúró dè mí, ẹran wà nínú fìríìjì. Kò dúró. Kí n tó padà dé, ó ti ń dín tirẹ̀. Mo bi í pé ṣé ilé rẹ̀ ń jó ni, kò tilẹ̀ wojú mi. Ìgbà tí mo nawọ́ láti tọ́ka sí i ni ìka mi ṣèèṣì kàn án níwájú orí, ló bá dúró gbọin, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ojú rẹ̀ kan sì pa dé. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo sáré ṣe tèmi kó lè rí ẹnu pa dé. Láti ìgbà yẹn, tó bá ti ń yára jù, mo máa ń fi ìka kàn án lórí, ìyẹn ló sì jẹ́ kí n bá a dọ́gba.

Ṣùgbọ́n gẹ́rẹ́ tí mo tẹ́ ẹran sórí pákó, ọmọkùnrin yìí jáde lọ láìdágbére, obìnrin arẹwà kan sì wọlé. Mo rò pé ìyàwó rẹ̀ ni, pé ó wá ràn án lọ́wọ́. Ó ní kí n bu ìpara díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, kí n fi rà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, yípoyípo, kí n fi í sílẹ̀ kó wọ̀ ọ́ lára, pé bó ti wù kó gbó tó, á rọ̀ bíi ti ọmọ ọwọ́. Ẹran mi sì le lóòótọ́. Mo wọ yàrá, mo mú ìpara ojú màmá rẹ, mo fi ra ẹran náà níwájú lẹ́yìn, mo fi í sílẹ̀ kó wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tó wọnú epo gbígbóná, ó hó bí ọṣẹ, òórùn òdòdó gba gbogbo ilé. Mo tọ́ ọ wò díẹ̀, mo sọ ọ́ síta. Kannákánná kan gbé e lọ. Mo ṣì ń rí kannákánná náà lórí wáyà iná, ìyẹ́ rẹ̀ ń dán ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Mo mú ẹran kejì. Nígbà yẹn ìyàwó ti lọ, ọkọ ti padà dé, ó ní ká fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ lu ẹran náà kó lè tẹ́. Inú ti ń bí mi nítorí èyí tó ṣòfò, nítorí náà mo lù ú, mo sì ń bá a wí bí mo ṣe ń lù ú. Mo ní èmi lo fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, àbí, lónìí ni wàá mọ ẹni tó nilé yìí, wàá rọ̀, dandan ni kó o rọ̀. Mo ti ṣí fèrèsé sílẹ̀ nítorí èéfín. Mo bù ú ní iyọ̀ àti ata, mo yí i nínú fùláwà, mo rì í sínú ẹyin, mo fi búrẹ́dì rírún bò ó, mo dín in. Minori, ó pọ́n bíi wúrà. Mo jókòó, mo ń wò ó.

Ọmọkùnrin náà wá ní tí ẹ bá gbádùn ohun tí ẹ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé láti tẹ aago. Mo gbádùn rẹ̀, èmi kì í sì í ṣe aláìmoore. Mo jáde, mo tẹ aago ẹnu ọ̀nà wa, mo padà wọlé, mo wojú rẹ̀, kò yí padà. Mo ní bóyá aago tiwa ò dún dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ni mo bá sọdá sí ẹ̀gbẹ́ kejì, mo lọ tẹ ti Ìyá Hatsue aládùúgbò wa, mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa kó lè gbọ́. Aṣọ ìdáná funfun màmá rẹ ni mo wọ̀, omi ẹran ti ta sí i láyà, ọ̀bẹ sì wà lọ́wọ́ mi nítorí n kò rántí gbé e kalẹ̀.

Ìyá Hatsue yọjú. O mọ̀ pé etí rẹ̀ méjèèjì kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, tèmi náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ sàn ju tirẹ̀ lọ. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní Fumino ìyàwó mi ńkọ́, ó ti pẹ́ tóun ti rí i gbẹ̀yìn. Èmi gbọ́ Fumino, mo gbọ́ pẹ́, mo rò pé oúnjẹ tí Fumino sè sílẹ̀ ló ń bèèrè, bóyá ó ti pẹ́ jù. Mo ní rárá o, kò bàjẹ́, inú fìríìsà ló wà nínú ọ̀rá, díẹ̀díẹ̀ ni mo ń jẹ ẹ́ látọjọ́ yìí, ó kù díẹ̀ kó tán, ṣùgbọ́n èyí tó kù yìí ti le. Mo ní ṣé kí n bù díẹ̀ wá fún un. Ó pa ilẹ̀kùn dé. Mo rò pé ó ti jẹun ni.

Kò pẹ́ tí Wakisaka dé. Ọlọ́pàá abúlé wa ni, ọmọdé ni, ọdún tó kọjá ni wọ́n gbé e wá, òun nìkan ló sì ń gbé àgọ́ ọlọ́pàá tó wà ní oríta. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọ̀bẹ yẹn kalẹ̀. Mo gbé e kalẹ̀, mo ní kó bọ́ bàtà kó wọlé. Ó jókòó sídìí tábìlì, ó ní òun fẹ́ bi mí ní ìbéèrè díẹ̀, ó ní ibo ni Màmá wà.

Ṣé o mọ̀ pé èmi kì í fi eré ọlọ́pàá orí tẹlifíṣọ̀n ṣeré. Mo ti ń wò ó kí wọ́n tó bí Wakisaka, kí wọ́n tó bí bàbá rẹ̀ pàápàá bóyá. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò. Tábìlì á wà, iná kékeré á wà lórí rẹ̀, wọ́n á gbé katsudon gbígbóná síwájú ẹni tí wọ́n mú, wọ́n á bi í bóyá ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé, onítọ̀hún á jẹ, á sunkún, á jẹ́wọ́. N kò tíì rí i kí ọlọ́pàá gbọ́ òótọ́ kan láìsí katsudon. Mo wo tábìlì, tábìlì wà, iná wà, ọlọ́pàá wà, katsudon nìkan ni kò tíì jinná. Mo ní Wakisaka, fara balẹ̀, kò tíì yá.

Mo da omi ẹja gbígbẹ sínú páànù, mo bu ọbẹ̀ sóyà dúdú sí i, mo bu ṣúgà àti ọtí ìrẹsì díẹ̀, mo kó àlùbọ́sà sí i títí ó fi rọ̀. Mo gé ẹran díndín náà, mo tò ó lé e lórí, mo po ẹyin, mo dà á yí i ká, mo dé e. Wakisaka ní Bàbá, ìyàwó yín ni mò ń bèèrè. Mo ní mo mọ̀, ẹyin ò tíì dì. Ìgbà yẹn náà ni ìkòkò ìrẹsì oníná bẹ̀rẹ̀ sí kọrin. Ó máa ń kọrin tí ìrẹsì bá jinná, èmi a sì máa dìde dúró títí á fi parí, nítorí n kò mọ̀ bóyá orin ìyẹ́sí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni. Mo ní kí Wakisaka náà dìde. Ó dìde.

Mo bu ìrẹsì sínú abọ́, mo da ẹran àti ẹyin lé e, mo gbé e sáàárín wa. Mo wá rò ó pé nínú àwa méjèèjì, ta ló yẹ kó jẹ ẹ́. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ ló ń jẹ́wọ́, èmi ò sì ní ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́, nítorí náà mo tì í sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní òfin ò gbà kóun jẹun nílé ẹni tóun ń wádìí. Mo ní ó dáa, a jẹ́ pé kò sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀ nílé yìí lónìí. Ó wo abọ́ náà. Ooru rẹ̀ ń lù ú lójú. Ó mú igi ìjẹun, ó ní kóun ṣáà tọ́ ọ wò.

Kò tọ́ ọ wò, ó jẹ ẹ́. Nígbà tó jẹ ẹ́ dé ìdajì, mo bi í bí wọ́n ṣe ń bi wọ́n, mo ní ọmọ mi, ṣé ìyá rẹ ṣì wà láyé. Ó ní ó wà ní Kyushu. Ó ní láti ìgbà tóun ti dé orí òkè yìí, oúnjẹ inú ike lòun ń jẹ, kò sẹ́ni tó tíì bu oúnjẹ síwájú òun. Omijé bọ́ sínú abọ́. Ó wá jẹ́wọ́. Ó ní ère Jizo olókùúta tó ń ṣọ́ oríta wa, tí a bá ní ìdojúbolẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí gbogbo abúlé ní ìmàdò ló wó o, kì í ṣe ìmàdò. Òun ló fi mọ́tò ọlọ́pàá rìn sẹ́yìn gbá a. Mo ní kòtò tí a gbẹ́ fún ìmàdò ńkọ́, èyí tí èmi fúnra mi kó sí. Ó ní òun mọ̀, òun ló fa èmi náà jáde, òun sì fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, ojú ló ń ti òun. Mo bu tíì gbígbóná fún un. Mo ní kó lọ bẹ Jizo, kó ran aṣọ pupa tuntun sí i lọ́rùn, ó ti tán. Ó dúpẹ́, ó tẹrí ba, ó wọ bàtà, ó lọ.

Ìgbà tó dé ẹnu géètì ló rántí pé ọ̀rọ̀ màmá rẹ lòun bá wá. Ojú tì í láti dá wọlé, ló bá lọ mú Ìyá Hatsue wá gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ìyá Hatsue ò kọ́kọ́ wọlé. Ó ní òun ò ní fẹnu kan ohunkóhun nílé yìí, òun mọ ẹni tó wà nínú ìkòkò. Wakisaka ní Ìyá, ẹlẹ́dẹ̀ ni, mo ti jẹ ẹ́. Ó ní báwo ni ìwọ ṣe fẹ́ mọ̀, ṣé o ti jẹ Fumino rí ni. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ gbé òórùn náà bá a. Ó bọ́ bàtà kan. Ó ní kí n bu ìyókù wá, kì í ṣe pé òun fẹ́ jẹ ẹ́ o, òun fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ni. Ó yẹ̀ ẹ́ wò títí ìdí abọ́ fi hàn.

Ó gbé igi ìjẹun kalẹ̀. Ó wá ní ẹ̀fọ́ oníyọ̀ tóun ń gbé lọ síbi ọdún ojúbọ wa, tí wọ́n ń fún òun lẹ́bùn lé lórí lọ́dọọdún, nílé ìtajà tó wà nísàlẹ̀ òkè lòun ti ń rà á, òun a kàn yí i sínú ìkòkò ìyá òun ni. Mo wo Wakisaka, Wakisaka wò mí. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé katsudon tí mo sè yìí, agbára ń bẹ nínú rẹ̀.

Wakisaka wá ní ká pe Kinuyo, ká fòpin sí i. Ó pè é, ó jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta kí gbogbo wa lè gbọ́. Mo fi ẹ̀rín kí Kinuyo, mo ní kó fún mi ní ìyàwó mi. Ó ní Fumino ò sí lọ́dọ̀ òun. Ó ní kò tíì sun ilé òun lálẹ́ ọjọ́ kan látìgbà tó ti kúrò nílé. Mo ní ibo ló wà nígbà náà. Ó ní ẹ̀gbọ́n, ẹ má bi mí mọ́, mo ti ṣèlérí fún un. Ó pa fóònù.

Ọmọ mi, mo jókòó. Mo rò pé orí ìrọ̀rí ni mo jókòó sí, àṣé orí ẹsẹ̀ Wakisaka ni, kò sì sọ nǹkan kan. Mo ń wo báàgì ọjà màmá rẹ tó so kọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. N kò mọ ibi tí ìyàwó mi wà. Mo gbìyànjú láti ro ibi tó lè wù ú láti lọ, mo sì rí i pé n kò mọ̀, nítorí a kì í lọ síbì kan. Ìyá Hatsue tó ti ń wò mí bí apànìyàn látàárọ̀ sún mọ́ mi, ó di apá aṣọ mi mú, ó ní ó lè jẹ́ pé ó ṣì wà láyé, òun ò kórìíra kó wà láyé. Mo mọ̀ pé ìtùnú ló pè é.

N kò mọ ohun tó yẹ kí n ṣe, ẹran kan ṣoṣo sì kù, nítorí náà mo dìde, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí sè é. Wakisaka po ẹyin. Ìyá Hatsue gé àlùbọ́sà, ó ń nu ojú, ó ní àlùbọ́sà ni. Kò sẹ́ni tó bi ẹnì kejì pé ta la ń sè é fún.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí a gbọ́ fèrè mọ́tò láti ìsàlẹ̀ òkè, wọ́n ń fun ún lọ́pọ̀lọpọ̀. A jáde. Mọ́tò funfun kékeré akẹ́rù kan ló ń gòkè bọ̀, ó rọra ń rìn bí ẹni tó gbé ẹyin sórí. Bọ́ọ̀sì wà lẹ́yìn rẹ̀, katakata wà lẹ́yìn bọ́ọ̀sì, mọ́tò tó ń kiri ọjà wà lẹ́yìn katakata, kò sì sí èyí tó lè kọjá rẹ̀. Mo rò pé òkú ni wọ́n ń gbé bọ̀. Mọ́tò náà dé iwájú ilé wa, ó dúró, ó sún, ó dúró, ó tún sún, òpó géètì wa ṣubú. Ilẹ̀kùn ṣí, màmá rẹ sọ̀ kalẹ̀.

Àmì méjì ló wà lára mọ́tò náà, ọ̀kan ni ewé tútù tí wọ́n ń fún awakọ̀ tuntun, èkejì ni ewé aláwọ̀ púpọ̀ tí wọ́n ń fún àgbàlagbà tó ń wakọ̀. Wakisaka ní òun ò rí méjèèjì pa pọ̀ lára mọ́tò kan rí. Èmi tí mo wakọ̀ títí irun mi fi funfun, ẹyọ kan ni wọ́n fún mi. Òun gba méjì lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì mọ̀ pé ìjọba kì í fi oyè ṣeré.

Ó dúró, ó gbá báàgì mọ́yà. Ó ní Kinuyo pe òun pé ọlọ́pàá ń wá òun nínú ikùn Bàbá Minori. Ó ní ta ló ní òun ti kú. Gbogbo wa wo Ìyá Hatsue, Ìyá Hatsue wo ojú ọ̀run. Màmá rẹ fẹ́ tún sọ̀rọ̀, ló bá gbóòórùn. Ó ní ta ló ń se katsudon nílé mi. Wakisaka ní Bàbá ni. Ó ní Bàbá wo.

Ó wọlé, ó jókòó, mo gbé abọ́ náà síwájú rẹ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sápá kejì, a ń wo ẹnu rẹ̀. N kò bi í ní ìbéèrè, mo ti mọ̀ pé kò nílò rẹ̀. Ó jẹ díẹ̀, ó ní ẹran yìí nípọn jù. Ó jẹ díẹ̀ sí i, ó ní ẹyin ti jinná jù. Ó ń jẹ lọ. Nígbà tó kan ìrẹsì ìsàlẹ̀ tí omi ọbẹ̀ ti wọ̀, ó dúró, ó sì jẹ́wọ́.

Ó ní ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ tó wà ní etíkun lòun wà, níbi tí wọ́n ń sùn sí títí wọ́n á fi yege. Ó ní àwọn ọmọ tóun lè bí ìyá wọn lòun bá sùn ní yàrá, Màmá Àgbà ni wọ́n ń pe òun, wọ́n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń kun èékánná, òun kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń rán bọ́tìnì. Ó ní òun fi ẹ̀yìn mọ́tò gbá ògiri, wọ́n ní kóun tún ìdánwò náà ṣe, òun tún un ṣe, òun yege, òun sì fi owó tóun tọ́jú ra mọ́tò àlòkù yìí. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní láti ìgbà tí mo ti dá láísẹ́ǹsì mi padà fún ìjọba, tí wọ́n fi fún mi ní ìwé ẹ̀yẹ pé mo wakọ̀ dáadáa dópin, èyí tí mo gbé kọ́ sára ògiri, ó ní òun ń rí mi láràárọ̀ tí mo ń dúró ní ibùdókọ̀ bí ajá tí olówó rẹ̀ wọ reluwé lọ, kì í ṣe pé mo fẹ́ lọ síbì kan, mo kàn ń wo ọ̀nà. Ó ní òun mọ̀ pé tóun bá sọ ọ́, mo máa rẹ́rìn-ín, tóun bá sì tún kùnà, òun ò fẹ́ kí n rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀mejì.

N kò rẹ́rìn-ín, Minori. Mo bu ìrẹsì sí i fún un. Ó jẹ èyí náà. Wakisaka ní òun máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n rí Màmá láàyè, pé ara rẹ̀ le, pé ó ń jẹun. Ìyá Hatsue ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀ látàárọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ṣe lọ. Ní báyìí Wakisaka ń wá jẹun lọ́dọ̀ wa ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, a sì ti jọ gbà pé tó bá jẹ́wọ́ tán nígbà tó bá yá, á kàn máa jẹun lásán. Àwọn ará abúlé tó ní ọkọ tí wọ́n ń fura sí ti ń bá mi sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ pé kí n se díẹ̀ fún àwọn, ṣùgbọ́n màmá rẹ ní kí n má dáwọ́ lé e, abúlé wa kéré, kò lè gba òtítọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ mi, mo mọ̀ pé owó kì í dúró lọ́wọ́ èèyàn ní Osaka, ṣùgbọ́n tí o bá rí díẹ̀, bá wa fi ránṣẹ́ ká fi ra òpó géètì, ká sì fi ra epo mọ́tò. Fi owó gidi sínú àpòòwé. Má ṣe fi í sínú ẹ̀rọ báńkì, nítorí ìgbà tí mo lọ gba èyí tó o fi ránṣẹ́ kọjá, ẹ̀rọ náà ní kí n sọ nọ́ńbà àṣírí, mo sì sọ ọ́ sókè ketekete, ó kọ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn mi ló gbọ́.

Kí àwọn baba ńlá wa máa ṣọ́ ọ lọ, ṣọ́ ọ bọ̀. Kí ilé rẹ má tutù, kí ìkòkò rẹ má gbẹ, kí ọkọ rẹ rí ọ̀rọ̀ sọ. Kí ẹni tí ó ń wá ọ rí ọ ní àlàáfíà.

Màmá rẹ ń fun fèrè mọ́tò níta báyìí, ó ní kí n kọ ọ́ kíákíá ká lè gbé lẹ́tà yìí lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó ní kí n sọ fún ọ pé tí yìnyín bá ti yọ́, òun máa fi mọ́tò gbé mi wá sí Osaka wá kí yín. Nítorí náà, jọ̀wọ́, bẹ̀rẹ̀ sí bá wa wá ibi tí a lè gbé mọ́tò sí láti ìsinsìnyí, ibi tó fẹ̀, tó jẹ́ pé téèyàn bá ti wọ ibẹ̀, ó lè gba iwájú jáde, nítorí ti rírìn sẹ́yìn, òun àti Wakisaka ṣì jọ ń kọ́ ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Torakichi